Abẹ́rẹ́ Enoxaparin: Fún Aboyún àti Ìyá Ọmọ Tuntun tó ń Gún Un Nílé

Oyún a máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ara ló ń múra sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a dì síbi tí kò yẹ, nínú iṣan ẹsẹ̀, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ègé rẹ̀ bá já tó sì dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ìyá kíákíá. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí tàbí róòbù wọ́ ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú, tó ń dunni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e wá.

Enoxaparin kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Ó ń dá a dúró kó má tóbi sí i ni, ara fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín kí ẹ má pa ọjọ́ kankan jẹ. Kì í kọjá sára ọmọ inú, ẹ sì lè fún ọmọ lọ́yàn.

Miligíráàmù 40 lójúmọ́ ló wọ́pọ̀ fún ìdènà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn lè gba dín. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní tiyín.

Ẹ̀gbẹ́ ikùn ni kí ẹ gún, kó jìnnà sí ìdodo tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bó bá jẹ́ ọ̀tún lánàá, òsì ló kàn lónìí. Ẹ fi ìka méjì ká awọ ibẹ̀ jọ, kí abẹ́rẹ́ wọlé tán lóòró. Ẹ má fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀ lẹ́yìn náà, kó má baà dúdú.

A kò ní fi èyí pamọ́ fún yín: ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe oògùn yìí. Bí ẹ̀sìn yín bá kọ̀ ọ́, ẹ sọ fún wa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fondaparinux wà, tí kò ti ara ẹranko wá. Dókítà yóò wò ó bóyá ó bá yín mu.

Ẹ má lo aspirin, ibuprofen tàbí àgbo láìbéèrè. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ̀jẹ̀ imú tàbí ti abẹ́ kò bá dá, bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi, tàbí bí èémí bá ń ká yín, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má gún un mọ́. Ẹ kọ aago tí ẹ gún èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀, kí ẹ sì fi han nọ́ọ̀sì, nítorí ó gbọ́dọ̀ pé wákàtí 12, tàbí 24 fún ẹni tó ń gba púpọ̀, kí a tó lè gún yín lábẹ́rẹ́ ẹ̀yìn.