Yàrá Wo Lẹ Ó Gbà Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi?

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Ìjìó lọ sí Ìṣẹ́yìn mọ ibi tí kò yẹ kí ìyá àgbàlagbà jókòó sí. Orí táyà ẹ̀yìn ni. Gbogbo kòtò tí mọ́tò bá bọ́ sí, ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń fò sókè; ẹni tó wà láàárín kàn ń mì díẹ̀ ni. Ìmọ̀ yìí kan náà la fi ń yan yàrá nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń gbafẹ́, bí Òkè-Ògùn tilẹ̀ jìnnà sí òkun. Bí ọmọ yín tó wà lókè òkun bá fẹ́ mú yín wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Southampton tàbí Miami, ẹ jọ sọ̀rọ̀ yàrá kó tó sanwó.

Ọ̀nà méjì ni ìgbì ń gbà mi ọkọ̀. Àkọ́kọ́, imú ọkọ̀ á lọ sókè, ìdí rẹ̀ á lọ sílẹ̀, bíi pákó tí ọmọdé méjì jókòó sí etí rẹ̀ méjèèjì. Àárín pákó kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Èkejì, ọkọ̀ á tẹ̀ sọ́tùn-ún, á tẹ̀ sósì, òkè rẹ̀ ló sì ń jù jù, bí orí ọ̀pẹ ṣe ń jù nínú ìjì. Nítorí náà, ẹni tí òòyì máa ń kọ́, àárín ọkọ̀ ni kó wà, ní àjà ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òkè téńté ni ọ̀pọ̀ yàrá olówó gọbọi máa ń wà.

Yàrá tówó rẹ̀ kéré jù kì í ní fèrèsé. Òkùnkùn ibẹ̀ dára fún oorun, àmọ́ ẹ ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ní fèrèsé, ẹ sì béèrè bóyá ọkọ̀ agbẹ̀mílà ò dí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti oníbáákónì, kó tó wá kan súùtì, ìyẹn yàrá ńlá.

Àwọn àgbà tó wọ ọkọ̀ Aureol láti Apapa lọ sí Liverpool, láti 1951 títí di 1972, lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Kíláàsì tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì ló ń sọ ibi tí oníkálukú á sùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, onífèrèsé àti aláìnífèrèsé jọ ń jẹun nílé oúnjẹ kan náà ni. Oorun àti ìrọ̀rùn lowó tẹ́ ẹ fi kún un ń rà.

Ariwo ló kàn, mo sì kà á sí ju fèrèsé lọ. Ẹ gba àwòrán àjà ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ wo ohun tó wà lórí yàrá yín àti lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ yàrá ló wà lókè, tí yàrá tún wà nísàlẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà lókè, kí oòrùn tó yọ ni wọ́n á ti máa wọ́ àga gbuuru lórí yín. Bó bá jẹ́ ilé ijó ló wà nísàlẹ̀, ìlù á máa dún nínú ìrọ̀rí yín dòru. Ní iwájú pátápátá, ṣéènì ìdákọ̀ró lè jí yín ní ìdájí. Ní ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n. Ilẹ̀kùn tó so yàrá méjì pọ̀ náà kì í pa ohùn aládùúgbò mọ́.

Owó ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ẹni méjì ni wọ́n sábà ń kọ síta. Ẹni tó bá dá gba yàrá lè san ti ẹni méjì. Owó kan tún wà tó rẹlẹ̀, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa yan yàrá fún yín. Ọ̀dọ́ lè gbà á. Màmá tí orúnkún ń dùn, ẹ má gbà á fún un: ìtòsí lífìtì ló yẹ kó wà, kó má lọ jẹ́ ẹnu rẹ̀ gan-an, torí èrò ò ní yé kọjá níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ó ní láti gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó wọ balùwẹ̀, nítorí ilẹ̀ balùwẹ̀ àwọn ọkọ̀ kan máa ń ga ju ilẹ̀ yàrá lọ.