ÀÌṢEDÉÉDÉÉ KÁMẸ́RÀ AṢỌ́LÉ: ÌTÚPALẸ̀ AGBÁRA INÁ ÀTI ÀYÈ ÌRÍRAN NÍ AGBÈGBÈ ÌKÒYÍ-ILÉ

1. Ìfáàrà

Bí ẹnu bá kan Ìkòyí láàrin Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ni yóò tẹ̀ lé e. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, àádọ́rin ni oyè Ẹ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́; Ìkòyí sì ni ìlú tí orúkọ náà so mọ́ jù lọ. Ohun tí wọ́n mọ àwọn jagunjagun wọ̀nyí mọ́ ni pé ọgbẹ́ kì í bá wọn lẹ́yìn, nítorí pé wọn kì í kẹ̀yìn sí ọ̀tá. Lónìí, ní Ìkòyí-Ilé tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire, àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí i, ẹ̀ṣọ́ irú mìíràn ti ń wà lára ògiri ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ìtọ́jú-ẹrù. Ẹ̀ṣọ́ náà ni kámẹ́rà.

Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í sùn, kì í sì í bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ohun méjì lè sọ ọ́ di ère lásán: kí oúnjẹ rẹ̀, tí í ṣe iná mànàmáná, má kárí, tàbí kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ síbi tí kò yẹ. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí àwọn onílé ń sọ pé ó ti bàjẹ́ ni kò bàjẹ́ rárá. Ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n gbé e kọ́, ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

2. Ìtàn ní ṣókí

Kámẹ́rà aṣọ́lé kì í ṣe ohun àná. Nọ́ọ̀sì kan ní Queens, New York, Marie Van Brittan Brown, òun pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Albert Brown, ni wọ́n kọ̀wé ní 1966 láti gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ó ń fi ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà han onílé. Wọ́n sì gba àṣẹ náà ní 1969. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn 470 mílíọ̀nù dọ́là pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà ní 2010 fún ètò tí kámẹ́rà ìgboro Àbújá àti Èkó wà nínú rẹ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà náà ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan onílé kékeré náà: rírà kò tó, bíbọ́ àti àmójútó ni iṣẹ́.

3. Agbára iná

3.1 Ìdínkù fóltì lórí wáyà

Fóltì 12 ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà aṣọ́lé ń lò. Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á máa kú, á máa jí. Àwọn kan a tilẹ̀ rò pé ẹnìkan ni ó ń dà á láàmú. Àlàyé rẹ̀ kò fara sin. Lóru ni kámẹ́rà ń tan iná tí ojú ènìyàn kò lè rí, kí ó lè ríran nínú òkùnkùn. Ìgbà náà ni ó ń jẹ iná jù.

Ẹ jẹ́ kí wáyà bàbà tí ó nípọn tó 0.5 mìlímítà onígun mẹ́rin gùn tó mítà 50 láti inú ilé dé ẹnu géètì. Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà 100 ni ó ń rìn, ìdènà tí ó ń bá pàdé sì tó nǹkan bí 3.4 ọ́ọ̀mù. Bí kámẹ́rà bá ń jẹ 0.25 áńpíà lọ́sàn-án, kò ní pàdánù tó fóltì 1 lójú ọ̀nà, fóltì 11.1 ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá di 0.6 áńpíà lóru, fóltì 2 ti lọ, ó ku 9.9. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni kò sì fara mọ́ ohun tí ó bá kéré sí 10.8. Kámẹ́rà kò ṣàìsàn. Ebi ni ó ń pa á.

Àtúnṣe rẹ̀ pín sí mẹ́ta: kí wọ́n lo wáyà tí ó nípọn tó 1.5, tí yóò jẹ́ kí fóltì 11.3 dé ibẹ̀ lóru. Kí wọ́n gbé ádápítọ̀ súnmọ́ kámẹ́rà. Tàbí kí wọ́n lo irú kámẹ́rà tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń gbé iná fún. Ìlànà ìkẹyìn yìí, tí ó jáde ní 2003, ń lo nǹkan bí fóltì 48, ó sì lè dé mítà 100.

3.2 Ìgbà tí iná kò sí

Iná tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2005, kì í wà ní gbogbo ìgbà. Láti 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí A dé E: ó yẹ kí ìsọ̀rí A rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, kí ìsọ̀rí E sì rí wákàtí 4. Kámẹ́rà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 5, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbàwòránsílẹ̀ tí ó ń jẹ 15, di wáàtì 35. Bátìrì fóltì 12 tí ó jẹ́ 100 ní agbára lè gbà tó 1,200 wáàtì fún wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ irú olómi, kò yẹ kí wọ́n lò ju ìdajì lọ. Ìdajì náà yóò gbé wáàtì 35 fún wákàtí 17. Bí ínfẹ́tà bá sì ti jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀, ó di 14 tàbí 15. Ẹni tí ó wà ní ìsọ̀rí E ní wákàtí 20 láti bo. Àlàfo náà sì lè bọ́ sí òru, ní àkókò tí olè ń rìn. Páńẹ́ẹ̀lì oòrùn lè dí i, bí wọ́n bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

4. Àyè ìríran

4.1 Fífẹ̀ kò jọ rírí

Àyè ìríran ni gbogbo ibi tí ojú kámẹ́rà ká láìyí orí. Lẹ́ǹsì kékeré, bíi mìlímítà 2.8, ń rí ibi tí ó fẹ̀. Ti mìlímítà 6 ń rí ibi tóóró, ṣùgbọ́n ó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́. Onílé sábà máa ń yan èyí tí ó fẹ̀, kí owó rẹ̀ lè ká gbogbo àgbàlá. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti dá ojú àjèjì mọ̀ dájú, ìlànà àgbáyé béèrè píksẹ́lì 250, ìyẹn tóótòòtó wínníwínní tí ó para pọ̀ di àwòrán, lórí mítà kan. Kámẹ́rà tí ó ní píksẹ́lì 1,920 ní ìbú kò lè ká ju mítà 7.7 lọ ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí àyè ìríran rẹ̀ bá jẹ́ dìgírì 90, kò ní dá ojú mọ̀ kọjá mítà 4. Bí ó bá jẹ́ dìgírì 50, yóò dé mítà 8. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà fífẹ̀ kan ṣoṣo kọ́ yóò rí i pé ènìyàn wọlé. Kò ní lè sọ ẹni tí ó jẹ́.

4.2 Ibi tí wọ́n gbé e kọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà. Iwájú ilé nìkan ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà sì ń wò. Èyí tí ó bá ga jù, orí fìlà ni yóò máa yà. Èyí tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn yóò rí ènìyàn bí òjìji ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ògiri funfun tàbí òwú aláǹtakùn bá súnmọ́ ọn, iná òru rẹ̀ yóò ta padà sí i lójú, gbogbo àwòrán yóò sì funfun. Aṣọ lásán ni oògùn òwú aláǹtakùn.

4.3 Ẹ̀tọ́ aládùúgbò

Àyè ìríran kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Abala 37 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ènìyàn àti ilé rẹ̀. Nínú agboolé tí fèrèsé kan kọjú sí èkejì, kámẹ́rà tí ó wo balùwẹ̀ aládùúgbò ti di olùyọjúràn. Ó yẹ kí wọ́n yí i, tàbí kí wọ́n bo apá ibẹ̀ nínú ètò rẹ̀.

5. Ìlànà àyẹ̀wò

Kí onílé tó ra òmíràn, kí ó kọ́kọ́ wọn fóltì lẹ́nu kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ádápítọ̀, kí ó sì wọ̀n ọ́n lóru. Lẹ́yìn náà, kí ó so kámẹ́rà mọ́ wáyà kúkúrú nínú ilé: bí ó bá ṣiṣẹ́, wáyà ni ó jẹ̀bi, bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ó pààrọ̀ ádápítọ̀. Bí iná bá pé, kí ó rán ènìyàn rin àgbàlá ká lọ́sàn-án àti lóru, kí ó sì sàmì sí ibi tí ojú rẹ̀ kò ti hàn.

6. Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ní ojú, ó ní ẹsẹ̀. Bí ọ̀tá bá gba ẹ̀yìn wá, ó lè yí padà. Kámẹ́rà kò lè yí padà láìsí ẹni tí ó yí i, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ké pé ebi ń pa òun. Onílé tí ó bá gbé e kọ́ tí ó sì gbàgbé rẹ̀ ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ tí ó lè ti kú láti ìrọ̀lẹ́ àná.