Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Yín Lọ Wo Ère Òkúta Èsìẹ́

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ bi yín lọ́sẹ̀ yìí. Láti Òmùpo títí dé Òmù-Àrán, mélòó nínú yín ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ère òkúta Èsìẹ́? Ẹlòmíràn wà tí ó ti dé Mẹ́kà, tí ó mọ Èkó àti Kánò bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n tí kò dé Èsìẹ́ rí. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní, “Ère ni wọ́n, Músùlùmí sì ni mí. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níwájú ère?”

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe fẹ́ sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún yín, kí olúkúlùkù lè fi ọgbọ́n tirẹ̀ wò ó.

Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Òmùpo, tí ẹ kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ẹ sì forí lé ọ̀nà Òrò, ẹ kò ní pẹ́ dé Èsìẹ́. Ibẹ̀ ni a kọ́kọ́ dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí àwọn alákọ̀wé ń pè ní mùsíọ̀mù, sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Kì í ṣe Èkó ni ó gba ipò kìíní yìí, kì í sì í ṣe Ifẹ̀. Ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níhìn-ín ni.

Àwọn ère tí ó wà níbẹ̀ lé ní 800. Òkúta rírọ̀ kan tí ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni a fi gbẹ́ wọn. Àwọn kékeré inú wọn kò gùn ju ọwọ́ àgbàlagbà lọ; àwọn ńlá lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí tí ó rí bí olú. Àwọn kan ń lu ìlù, àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ó sì dunni pé orí ti kúrò lọ́rùn púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fara balẹ̀ wo àwọn obìnrin inú wọn. Ẹ wo irun orí wọn bí a ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ wo ilà ojú wọn, ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Àwọn kan fi àdá lé èjìká. Ẹni tí ó gbẹ́ wọn mọ̀ pé obìnrin kì í ṣe ẹni àfọwọ́tì sẹ́yìn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò ni wọ́n, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sì di òkúta. Wọ́n tún ní ọdẹ ni ó kọ́kọ́ rí wọn nínú igbó. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹ sọ àrọ́bá náà fún àwọn ọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn, ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé láti nǹkan bí ọdún 1100 ni wọ́n ti wà. Nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 ọdún tí Ànábì wa ti ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Àwọn onímọ̀ kò tíì fi ẹnu kò lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn sọ pé ṣe ni àwọn bá wọn níbẹ̀.

Ní 1933, olùbẹ̀wò ilé-ìwé kan, òyìnbó tí à ń pè ní Ramsay, sọ̀rọ̀ wọn fún ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ fún ọmọ yín pé òyìnbó ni ó wá wọn rí. Àwọn onílé ti mọ̀ wọ́n kí ó tó dé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ báyìí bá. Ní Dublin, olú-ìlú Ireland, àwọn ará òkun tí à ń pè ní Viking ni wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 841. Abọ̀rìṣà ni wọ́n nígbà náà, wọ́n sì ń kó ilé ìjọsìn àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ lẹ́rù. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wú ìpìlẹ̀ ilé wọn jáde létí odò, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Wood Quay, tí àwọn aláṣẹ sì fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì lé e lórí, nǹkan bí 20,000 ènìyàn tú síta ní 1978 láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe bà á jẹ́. Wọn kò fẹ́ padà sìn òrìṣà Viking. Wọ́n fẹ́ mọ bí ìlú wọn ti bẹ̀rẹ̀ ni. Àmọ́ a kọ́ ọ́fíìsì náà. Ohun tí a ti bà jẹ́ kì í padà.

Nítorí náà, wíwò kì í ṣe sísìn. Àwọn àlùfáà wa a máa rán wa létí pé Ọlọ́run Ọba pàṣẹ kí a rìn lórí ilẹ̀, kí a sì wo ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ṣáájú wa. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ foríbalẹ̀ ní mùsíọ̀mù. Àwọn kan ní ìlú náà ṣì ń ṣe ọdún ère. Tiwọn ni, a kì í sì í gan ọmọnìkejì ẹni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó bi àlùfáà àdúgbò rẹ̀ kí ó tó lọ.

Bí ẹ bá lọ, ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú. Òkúta náà rọ̀, nǹkan kékeré lè họ ọ́; kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì bù ú. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ bi ọmọ pé: irú irun wo ni o rí? Kí ni obìnrin yẹn mú lọ́wọ́? Ta ni o rò pé ó gbẹ́ ẹ?

Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìwé ńlá nípa wọn, èyí tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1978. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ Òmùpo dàgbà tán kí ó tó gbọ́ ìtàn ilé rẹ̀ lẹ́nu àlejò. Ọ̀nà Èsìẹ́ kò jìn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àlọ àti àbọ̀ yín dára.