Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ka Ẹ̀sùn Sí Aláṣẹ Lọ́rùn

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀sùn ló pọ̀ jù nínú ìwé tí Amẹ́ríkà fi kéde òmìnira lọ́jọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1776? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀, níbi tó ti ní ọgbọọgba ni Ẹlẹ́dàá dá ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ka ẹ̀sùn 27 sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹta, lọ́rùn: ó ń gba owó orí láìfọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, ó kó sójà tì wọ́n, ó dínà òwò wọn. Ẹni ọdún 33 ni Thomas Jefferson tó kọ ọ́. Nínú àwọn 56 tó fọwọ́ sí i, ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni Edward Rutledge, ẹni ọdún 26.

Ṣé o mọ̀ pé Jefferson bẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú nínú ohun tó kọ́kọ́ kọ, tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú sì ní kí wọ́n yọ ọ́? Òun fúnra rẹ̀ rèé, ẹrú tó ní láyé rẹ̀ lé ní 600. Ibi tí ìwé náà ti ń dùn mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn ò kà mọ́ ènìyàn nígbà náà ló padà wá gbé e, tí wọ́n fi sọ tẹnu wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù Keje ọdún 1848, fún ìpàdé ẹ̀tọ́ obìnrin ní Seneca Falls, ìpínlẹ̀ New York, Elizabeth Cady Stanton, ẹni ọdún 32, tún ìwé náà kọ? Ó yọ ọba kúrò, ó fi ọkùnrin sípò rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́: obìnrin kò lè dìbò, ilé ẹ̀kọ́ gíga tilẹ̀kùn mọ́ ọn, tó bá ti lọ́kọ, ọkọ ló ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin 68 àti ọkùnrin 32 ló fọwọ́ sí i. Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú, wà nínú wọn.

Charlotte Woodward náà wà níbẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ìbọ̀wọ́ ló ń rán nílé, òógùn ojú rẹ̀ kò sì jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí òfin gbà káwọn obìnrin Amẹ́ríkà máa dìbò ní 1920, lẹ́yìn ọdún 72, òun nìkan ló kù láyé nínú gbogbo àwọn tó fọwọ́ síwèé yẹn. Àìsàn kò jẹ́ kó lè jáde lọ dìbò.

Oakland, ní California, wá ńkọ́? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1966, Huey Newton, ẹni ọdún 24, àti Bobby Seale, tí kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, jókòó kọ ohun mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ tuntun wọn, Black Panther, ń bèèrè fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n fẹ́ iṣẹ́, wọ́n fẹ́ ilé tó ṣeé gbé, wọ́n fẹ́ ẹ̀kọ́ tó sọ òótọ́ ìtàn wọn, wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá yé pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkẹwàá, ọ̀rọ̀ inú ìwé 1776 gan-an ni wọ́n fi kádìí rẹ̀: bí ìjọba bá ń ni ará ìlú lára, ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀. Àtọmọdọ́mọ ẹrú ló ń fi ìwé olówó ẹrú bi Amẹ́ríkà léèrè. Mi ò tíì rí ìbéèrè tó mú jùyẹn lọ.

Títí dòní, àwọn olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé òmìnira tirẹ̀: ta ló ń ni ọ́ lára, kí ló ṣe, kí lo fẹ́? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dán an wò ní kíláàsì yín. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ to ẹ̀sùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kà á tán kẹ́ ẹ tó fèsì.