Odò Erinlẹ̀ àti Ìlà Méjì tí a fi ń Wọn Omi Rẹ̀

Kò sí àgbà ní Ìlobùú tàbí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tí kò mọ̀ pé odò Erinlẹ̀ a máa kún ní ìgbà òjò, a sì máa fà ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́ afárá, tàbí tí yóò fa omi wọ ìlú, iye ni ó ń wá. Ọjọ́ tí odò sì kún jù lọ ni ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ inú rẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, a ó ri igi ìwọ̀n mọ́ etí odò. Ní ọjọ́ tí omi bá gbà wá láàyè, a ó ka jíjìn rẹ̀, a ó sì wọn iye omi tí ń kọjá. Nínú odò tí ó fẹ̀ tí kò sì jìn, bí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, omi tí ń kọjá a máa ju ìlọ́po mẹ́ta lọ díẹ̀, nítorí pé ó ń pọ̀ bí jíjìn tí a gbé sí agbára 5/3. Ìlà agbára ni èyí.

Nígbà tí òjò bá dá, ọ̀ràn yí padà. Ilẹ̀ ni ó ń tu omi sílẹ̀ fún odò, bí ìkòkò tí ń jò, tí jíjò rẹ̀ ń dínkù bí omi inú rẹ̀ ti ń tán. Bí odò bá pàdánù ìdajì omi rẹ̀ ní 20 ọjọ́, ní 20 ọjọ́ mìíràn yóò pàdánù ìdajì ohun tí ó kù. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ìlà ìdá kan náà. Edmond Maillet, ará Faransé, kọ̀wé lé e lórí ní 1905.

Lọ́gárídímù, tí John Napier gbé jáde ní 1614, ni a fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí a bá mú lọ́gárídímù jíjìn àti ti omi, tí àwọn àmì náà sì tò tààrà, ìlà agbára ni. Bí a bá fi ọjọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, tí lọ́gárídímù omi nìkan sì mú wọn tò tààrà, ìlà ìdá kan náà ni. Kí a kọ́kọ́ yọ ohun tí igi ìwọ̀n ń kà nígbà tí odò kò ṣàn mọ́ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà agbára yóò wọ́.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni fífa ìlà kọjá ibi tí a wọ̀n dé. Agbára 5/3 àti agbára 2 lè ba àwọn àmì díẹ̀ mu bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ìkún omi bá gbé jíjìn dé ìlọ́po mẹ́ta èyí tí a wọ̀n, ti ìṣáájú yóò sọ pé omi di ìlọ́po 6, ti ìkejì yóò sọ pé ó di ìlọ́po 9. Afárá tí a kọ́ fún 6 kò ní gba 9.