Ẹ Kọ Òjò Sílẹ̀: Bí Ará Ìlú Ṣe Ń Ṣọ́ Òjò àti Ìjì

 

Nígbà tí a bá ń kọ orúkọ àwọn ìdílé sílẹ̀ fún ìrànwọ́, a máa ń béèrè pé: ọjọ́ wo ni omi wọlé, aago mélòó, báwo ló sì ṣe ga tó? Ọkọ á ní ọjọ́ Ẹtì ni, ìyàwó á ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹnìkan á ní omi dé orúnkún, aládùúgbò rẹ̀ á ní ó dé ìbàdí. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Ẹni tó ń sáré gbé ọmọ kò ráyè wo aago. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń dàrú lọ́kàn ẹni.

Àwọn ènìyàn kan wà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, síbẹ̀ tí wọ́n ń wọn òjò, tí wọ́n sì ń kọ ìjì sílẹ̀. Ìwé yìí sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè ṣe é.

Òjò kì í rọ̀ bákan náà níbi gbogbo

Àjọ NiMet, tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ fún ìjọba àpapọ̀, ní ibùdó ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí. Iṣẹ́ wọn wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò lè kún ojú ọ̀nà ní Komu kí Ìsẹ́yìn má rí ẹ̀kán kan. Òjò tó ń bá àrá rìn lè rọ̀ ní apá kan ìlú, kí wọ́n máa sá aṣọ ní apá kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ìlú Fort Collins ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 1997. Apá kan ìlú náà gba òjò tó ju mìlímítà 350 lọ láàárín ọjọ́ kan àti díẹ̀. Apá kejì kò gba tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Ènìyàn márùn-ún kú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Nolan Doesken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado pe àwọn ará ìlú jọ, pé kí kálukú gbé ohun ìwọ̀n òjò sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CoCoRaHS, ti tàn dé gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wọn òjò fún un ní àràárọ̀.

Ohun tí mìlímítà kan jẹ́

Mìlímítà òjò kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011, òjò tí wọ́n wọ̀n ní Ìbàdàn jẹ́ mìlímítà 187.5. Ó dà bí ìgbà tí a bá da kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 méje ààbọ̀ sórí ilẹ̀ mítà kan yẹn, tí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Àwọn àgbà tó rántí Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980 mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Àkọsílẹ̀ la fi lè wé ti ìṣáájú mọ́ ti ìsinsìnyí, ká lè mọ ibi tí kò yẹ ká tún kọ́lé sí.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é

1. Ẹ wá agolo tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, bí agolo mílíìkì ńlá. Ẹ gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí òrùlé àti igi. Ẹ fi òkúta há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

2. Ní aago méje òwúrọ̀, ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́ dé ìdí. Ìlà kéékèèké ara rúlà ni mìlímítà. Bí òdo rúlà yín kò bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, ẹ gé etí náà kúrò. Ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́, kí ẹ sì da omi náà nù. Bí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ lófìfo.

3. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi dún. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ ó mọ iye kìlómítà tó jìnnà sí yín. Bí kíkà yín kò bá tó ọgbọ̀n, ẹ wọlé. Ẹ má jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó dún kẹ́yìn. Agolo lè dúró dè yín.

4. Bí omi bá wọlé, tó sì ti fà, ẹ fi èédú fa ìlà sára ògiri níbi tó ga dé. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ tó fọ ògiri náà.

5. Bí ìjì bá ṣí òrùlé, ẹ wo bí páànù àti igi ṣe ṣubú kí ẹ tó kó wọn. Bí gbogbo wọn bá kọrí sí ọ̀nà kan, atẹ́gùn tó máa ń ṣíwájú òjò ni. Bí wọ́n bá kọrí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ohun tí a lọ́, ó lè jẹ́ ìjì tó ń yí, tí wọ́n ń pè ní tòńádò. Bí àwọn ẹgbẹ́ bíi TORRO, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bírítéènì ní 1974, ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìlà oòrùn ló sì sábà máa ń ti wá. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń tún òrùlé kàn.

Ohun tí àkọsílẹ̀ kò lè ṣe

Kò lè dá òjò dúró, kò sì lè sọ ti ọ̀la. Fún ìkìlọ̀, ẹ máa gbọ́ ti NiMet àti ti àjọ NIHSA lórí rédíò. Bí omi bá ń gòkè, ẹ má dúró wọ̀n ọ́n. Ẹ kó ọmọ, kí ẹ lọ síbi gíga.

Ẹ tún jẹ́ kó yé yín pé kò sí ìdílé tí a ó yọ kúrò nínú ìrànwọ́ nítorí pé kò ní àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà ìlú bá lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ nítorí gọ́tà tàbí afárá, ìwé tó ní ọjọ́ àti ìwọ̀n nínú máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lásán lọ.

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Níbi tí ìdílé púpọ̀ bá jọ ń sùn, agolo kan àti ìwé kan ti tó. Ẹ fi lé ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé lọ́wọ́, kí àgbàlagbà kan máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ìwé náà sínú ọ̀rá, kí ẹ sì so ó kọ́ sókè. Bí òṣìṣẹ́ wa bá dé, ẹ fi hàn án, yóò dà á kọ, yóò sì dá tiyín padà fún yín.

Alákòóso ètò ìrànwọ́, fún dáyọ́sìsì