Ọjọ́ Kan Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun Lórí Omi Bàhíà

Kò sí ẹni tí ó gbé Àjàṣẹ́ pẹ́ tí kò mọ ìdílé Àgùdà kan. Orúkọ wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀: da Silva, d'Almeida, Paraïso. Láti Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní òdìkejì òkun, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti padà wá sí etí òkun tiwa. Ṣùgbọ́n kí ni Bàhíà? Ọ̀rọ̀ èdè Potogí ni. Ohun kan náà ni àwọn Faransé ń pè ní baie, ìyẹn ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì yí i ká bí ọgbà ti í yí agbo ilé ká, tí ó ku ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Omi ni ó kọ́kọ́ jẹ́ Bàhíà kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó gba orúkọ náà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1501 ni àwọn atukọ̀ Potogí wọ inú omi yìí. Ọjọ́ náà bọ́ sí àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ nínú ìjọ Kátólíìkì, wọ́n sì fi sọ omi náà lórúkọ: Baía de Todos os Santos. Ní 1549 ni wọ́n tẹ ìlú Salvador dó sí etí rẹ̀, ìlú náà sì jẹ́ olú-ìlú Bràsíìlì títí di 1763. Omi náà tóbi ju ìlọ́po márùn-ún Adágún Nokoué lọ.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ àlejò tí ó bá dé Salvador a máa fẹ́ lo ọjọ́ kan lórí omi náà. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọkọ̀ ńlá ń bẹ, tí wọ́n ń pè ní escuna. Ó ní òpó ìgbòkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń tì í lọ. Ó lè kó ènìyàn bí ọgọ́rùn-ún, orin a sì máa dún kíkankíkan nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ kékeré náà ń bẹ, èyí tí ènìyàn mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá máa ń dá owó jọ gbà pẹ̀lú atukọ̀ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé lọ. Owó ọkọ̀ ńlá kéré sí ti kékeré. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, n ó ní kí ẹ ní sùúrù, kí ẹ wá ẹni márùn-ún tí ẹ ó jọ pín owó ọkọ̀ kékeré.

Kì í ṣe nítorí ariwo nìkan. Nínú ọkọ̀ onígbòkun kékeré, kò sí ẹni tí ó jẹ́ ẹrù lásán. Atukọ̀ a ní kí ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún, a tún ní kí ẹ bọ́ sí apá òsì, nítorí pé ìwọ̀n ara yín wà lára ohun tí ó ń mú ọkọ̀ dúró déédéé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè bá a fa okùn. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láìsí pé ó pariwo, òun náà yóò sì mọ ojú gbogbo yín. Èyí já mọ́ nǹkan lórí omi, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí níwájú.

Aṣọ ńlá tí a ta sórí òpó ni ìgbòkun. Ẹni tí ó bá ti kọjá lórí Adágún Nokoué ti rí irú rẹ̀: àwọn apẹja ibẹ̀ a máa rán àpò pọ̀, wọn a ta á sórí igi, afẹ́fẹ́ a sì gbé wọn relé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wá, iṣẹ́ náà rọrùn, ọmọdé lè mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti iwájú wá ni ọgbọ́n ń bẹ. Kò sí ọkọ̀ onígbòkun tí ó lè lọ tààrà sí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ohun tí atukọ̀ ń ṣe ni ohun tí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo ń ṣe bí ó bá ń gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́: kì í dojú kọ òkè náà gan-an, ó ń gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ya sọ́tùn-ún, ó tún ya sósì, títí yóò fi dé orí. Ìgbòkun a tẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lára rẹ̀ a máa fa ọkọ̀ síwájú, a sì máa tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n igi tàbí irin tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ nínú omi kò jẹ́ kí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà iwájú ni ó kù fún un láti lọ. Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, atukọ̀ a ké, gbogbo ènìyàn a sì tẹrí ba, nítorí pé igi gígùn tí ó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú yóò fò kọjá lórí wọn láti apá kan sí èkejì. Ẹni tí kò bá tẹrí ba yóò rántí ọjọ́ náà pẹ́.

Afẹ́fẹ́ náà ní àkókò tirẹ̀. Oòrùn a máa mú ilẹ̀ gbóná kíákíá ju omi lọ. Bí ilẹ̀ bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ a fúyẹ́, a gòkè, afẹ́fẹ́ tútù láti ojú òkun a sì wọlé wá dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú omi fi sábà máa ń parọ́rọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ó sì jẹ́ pé bí oòrùn bá ti ń lọ sókè ni ìgbòkun ń kún. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Kútọnu mọ afẹ́fẹ́ ọ̀sán yẹn dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbéra ní tòsí Mercado Modelo, ọjà iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú ilé aṣọ́bodè àtijọ́. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, kí ẹ bojú wẹ̀yìn. Ìlú méjì ni ẹ ó rí, ọ̀kan lórí èkejì: Ìlú Ìsàlẹ̀ ní etí omi, Ìlú Òkè lórí òkè gíga, àti Elevador Lacerda láàárín wọn, ilé gogoro tí ó ń gbé ènìyàn gòkè tí ó sì ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀ láti 1873. Nínú omi, níwájú èbúté, ni Forte de São Marcelo wà, ilé odi róbótó tí àwọn Potogí kọ́ láti fi ṣọ́ ìlú. Ní apá àríwá, lórí òkè kékeré kan, ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim a máa hàn funfun. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ni àwọn obìnrin aláṣọ funfun máa ń fi omi olóòórùn dídùn fọ̀ ní oṣù kìíní ọdọọdún, nítorí pé ọ̀pọ̀ ará Bàhíà ń bọlá fún Òṣàlá pọ̀ mọ́ Jésù níbẹ̀. Òṣàlá wọn ni Òrìṣàńlá tiwa. Ẹni tí ó dúró sórí ilẹ̀ kò lè rí gbogbo èyí pa pọ̀. Láti ojú omi ni a ti tẹ Salvador dó, láti ojú omi ni ó sì ti yẹ kí a wò ó.

Láti ojú omi náà ni àwọn ènìyàn wa ti kọ́kọ́ rí i, wọn kò sì bá ti fàájì wá. Ọkọ̀ láti Wídà, láti Àjàṣẹ́, láti Àgbádárìgì àti láti Èkó ni ó kó wọn wọ inú omi yìí gẹ́gẹ́ bí ẹrú, títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ará Kétu, ará Ọ̀yọ́, ará Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀gbá wà nínú wọn. Ní Bàhíà, Nàgó ni a ń pe gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe àwa náà ní Benin títí di òní. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, ẹrú àti ẹni tí ó ti gba òmìnira, dìde ogun ní ìgboro Salvador. Nàgó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. A ṣẹ́gun wọn, a pa nínú wọn, a sì lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ọkọ̀ láti padà wálé. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó fi Salvador ṣe ilé láti 1946, tí ó sì gba orúkọ Fátúmbí nígbà tí ó di babaláwo ní Kétu, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ ìtàn àlọ àti àbọ̀ yìí sínú ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 1968.

Bí afẹ́fẹ́ bá dára, ọkọ̀ a kọjá lọ sí Ilha dos Frades tàbí Itaparica, erékùṣù tí ó tóbi jù lọ nínú omi náà. Atukọ̀ a ju ìdákọ̀ró, àwọn tí ó mọ̀ wẹ̀ a bọ́ sómi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wẹ̀ ní Itaparica kò mọ̀ pé ní erékùṣù náà ni Ilê Agboulá wà, níbi tí wọ́n ti ń bọ Egúngún, tí àwọn àgbà sì ń fi èdè tí Nàgó mú dé ibẹ̀ kọrin. Kì í ṣe ibi ìran fún àlejò. Ẹni tí a kò bá pè, kí ó má lọ.

Ọkọ̀ tí ó wù mí jù láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni saveiro. Ọkọ̀ igi ni, tí ó ní òpó àti ìgbòkun ńlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ó ń kó ìyẹ̀fun gbágùúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀, bíríkì àti ìkòkò àwọn amọ̀kòkò Maragogipinho wá sí ọjà ní Salvador. Nígbà tí ọ̀nà ọlọ́dà dé, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kó ẹrù kan náà láàárín wákàtí díẹ̀, ẹrù tán lórí omi. Ọkọ̀ tí ó pọ̀ lọ súà ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá wá di ohun tí a lè kà tán. Ní 2010, àjọ ìjọba Bràsíìlì tí ń tọ́jú ohun àjogúnbá, IPHAN, kọ saveiro kan sínú ìwé ohun ìní orílẹ̀-èdè. Sombra da Lua ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Òjìji Òṣùpá.

Àwọn àgbà tí ń kan irú ọkọ̀ yìí kì í lo àwòrán orí ìwé. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń pè ní graminho, tí a fín ìlà sí lára. Láti inú ìlà wọ̀nyí ni oníṣẹ́ ti ń mọ bí igi ìhà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti fẹ̀ tó àti bí yóò ti ga tó. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ àgbàlagbà ní ìwé kò lè pe ẹni tí ó ń ka irú pátákó bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀wé.

Kí ni ìgbòkun tí kò ní ẹrù mọ́ yóò máa gbé? Àlejò ni. Owó tí ènìyàn mẹ́jọ bá san fún ọjọ́ kan lè ra igi, okùn àti ọ̀dà tí ọkọ̀ igi ń fẹ́ lọ́dọọdún; bí kò bá sí i, ọkọ̀ a jẹrà ní etí omi, ọmọ atukọ̀ a sì wá iṣẹ́ mìíràn. Ní 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Bàhíà fọwọ́ sí àdéhùn láti kọ́ afárá tí yóò gùn ju kìlómítà 12 lọ, láti Salvador dé Itaparica. N kò lè bá ará erékùṣù jà pé kí ó má fẹ́ afárá, pàápàá ẹni tí aboyún rẹ̀ ń rọbí lóru. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí afárá náà bá parí, ọkọ̀ ìgbafẹ́ nìkan ni yóò kù fún ọ̀pọ̀ atukọ̀ láti fi jẹun.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń polówó fàájì lórí omi yẹ kí ó sọ ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kan tí ń jẹ́ Cavalo Marinho I gbéra láti Mar Grande ní Itaparica lọ sí Salvador. Ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń lọ síbi iṣẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, pọ̀ nínú wọn. Ojú ọjọ́ kò dára. Ọkọ̀ náà dojú dé kété lẹ́yìn tí ó gbéra, ènìyàn 19 sì kú. Omi tí ó ní ilẹ̀ yí i ká dà bí omi tí kò lè ṣe ènìyàn ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n ìgbì ń bẹ nínú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá le. Bí èrò bá pọ̀ nínú ọkọ̀, tí gbogbo wọn sì sá lọ sí apá kan nítorí òjò, ìwọ̀n wọn nìkan tó láti dojú rẹ̀ dé.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ wá ibi tí a kọ iye ènìyàn sí. Lotação ni ọ̀rọ̀ Potogí tí ẹ ó rí, nọ́ńbà ni yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹ ka nọ́ńbà náà, kí ẹ ka orí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀. Ẹ bèèrè ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní gilet de sauvetage, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí pé ẹ̀wù tí ó wà lábẹ́ ìjókòó kò tíì gba ẹnikẹ́ni là. Bí atukọ̀ bá wo ojú ọ̀run tí ó ní òun kò lọ, kí ẹ má bá a jiyàn nítorí owó tí ẹ ti san. Àwa tí a ń wọ ọkọ̀ láti Calavi lọ sí Ganvié, tàbí láti Àjàṣẹ́ lọ sí Aguégués, lè bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí nílé kí a tó dé Bràsíìlì.

Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje ni òjò ń rọ̀ jù ní Salvador. Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹta, ojú ọ̀run sábà máa ń mọ́, oòrùn a sì mú gan-an. Kí ẹ mú fìlà, aṣọ alápá gígùn àti omi mímu púpọ̀ lọ. Ọkọ̀ tí ó bá jáde ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ a máa padà ní nǹkan bí agogo mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ilẹ̀ ń tètè ṣú níbẹ̀ bí ó ti ń ṣú lọ́dọ̀ wa. Oòrùn a máa wọ̀ sí apá Itaparica, lẹ́yìn yín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì tan sára Ìlú Òkè níwájú. Ebi yóò ti máa pa yín. Ní ìgboro Ìlú Ìsàlẹ̀, ẹ ó bá obìnrin aláṣọ funfun tí ó gbé epo pupa kaná. Acarajé ni ó ń tà. Ẹ pe orúkọ náà sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì mọ ohun tí ó wà nínú epo náà kí ẹ tó rí i.